Ìpín Ẹni Nínú Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tí Mo Kọ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwọn Sójà Tó Ti Pànìyàn

Bí ẹ bá kí sójà tó ti fẹ̀yìn tì pé "Ẹ̀mí yín á gùn, Bàbá," tó sì dákẹ́ tí kò ṣe àmín, ẹ má rò pé kò gbọ́. Ó gbọ́. Kò gbà pé àdúrà náà tọ́ sí òun ni. Nínú gbogbo àmì tí mo mọ̀, èyí ni mo gbára lé jù, torí Yorùbá tí kò bá lè ṣe àmín sí ẹ̀mí gígùn, nǹkan ńlá ló wà nínú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti irú wọn ní Yábà, ní Òṣòdì àti lágbègbè Ìkẹjà. Mi ò ní sọ ìtàn ẹnikẹ́ni níbí. Ohun tí wọ́n bá sọ lórí bẹ́ǹṣì, orí bẹ́ǹṣì ló ń gbé. Bí iṣẹ́ gbígbọ́ wọn ṣe ń lọ ni mo fẹ́ sọ, ibi tó ti máa ń dàrú, àti ohun tó wá dá mi lójú: pé ìpín-ìpín ni ẹ̀jẹ̀ tí sójà ta sílẹ̀. Tirẹ̀ wà níbẹ̀, ti ẹni tó rán an náà wà níbẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ nìkan ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni àìsàn tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í fi í lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ya ẹ̀rù sọ́tọ̀ kúrò lára ìkábàámọ̀. Ẹ̀rù ló ń mú un fò sókè bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Òun ni kì í jẹ́ kó fẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà nínú búkà, òun náà ló ń sọ oṣù Kejìlá di oṣù ìyà fún un nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń yin báńgà. L'Ékòó, kì í ṣe ẹni tó lọ sógun nìkan ni èyí ń bá jà. Àwọn ìyàwó àti ọmọ sójà tó wà ní báráàkì Ìkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, nígbà tí iná ran ilé ìkó-ohun-ìjà-sí tí ọta ńlá ń bú gbàmù títí di òru, mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn pẹ̀lú orúkọ PTSD, àìsàn ìdààmú tó ń tẹ̀lé ohun ẹ̀rù. Ó ní oògùn, ó ní ìtọ́jú.

Ìkábàámọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń kábàámọ̀ kò bẹ̀rù pé ẹnìkan fẹ́ pa òun. Òun ló ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Kì í gba ọmọ tuntun mọ́ra níbi ìsọmọlórúkọ, yóò ní òtútù ń mú òun. Bó bá jẹ́ mùsùlùmí, ẹlòmíràn ló ń bá a dú àgbò Iléyá. Bó bá jẹ́ onígbàgbọ́, kì í pa ìsìn jẹ, àmọ́ bí wọ́n bá dé ibi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, yóò dìde lọ wo mọ́tò níta. Ará ilé a ní ìgbéraga ni, tàbí kí wọ́n ní ìwà sójà ni. Jonathan Shay, dókítà ọpọlọ tó tọ́jú àwọn tó ti ogun Vietnam dé ní ìlú Boston, ló fún un ní orúkọ tirẹ̀. Ọgbẹ́ ẹ̀rí-ọkàn ni àwa ń pè é. Shay ní ọgbẹ́ yìí a máa wáyé nígbà tí ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá dalẹ̀ ohun tó tọ́, nínú ọ̀ràn tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Brett Litz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá fi ohun tí sójà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kún un ní 2009. Ẹ kíyè sí bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn: ọ̀rọ̀ aláṣẹ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí ti sójà tó dé.

Àwa náà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ògún dé Iré pẹ̀lú òùngbẹ, ó bá àwọn èèyàn rẹ̀ níbi àjọ tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i, òfìfo ni agbè ẹmu tó wà nílẹ̀. Ó fa idà yọ. Ìgbà tó jẹ tó mu tán ni wọ́n tó sọ ìdí tí gbogbo ìlú fi dákẹ́ fún un, ó sì wọlẹ̀. Kò sí ẹni tó tó dá Ògún lẹ́jọ́ ní Iré. Ara rẹ̀ ló dá a.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yéé sọ fún sójà pé "Ẹ̀bi yín kọ́, ogun ni." Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ òun ló fa tírígà, èjìká rẹ̀ ṣì rántí bí ìbọn ṣe ti òun sẹ́yìn. Bí ẹ bá ní ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, ohun tó gbọ́ ni pé ẹ kò fẹ́ gbọ́ ìyókù. "Ọlọ́run ti dárí jì yín, ẹ gbàgbé ẹ̀" náà kò sàn jù ú lọ, bí kò bá tíì sọ ohun tí Ọlọ́run dárí rẹ̀ jì í. Ilé àdúrà tí wọ́n ti ń fi ẹgba lé ẹ̀mí burúkú, ọgbẹ́ kejì ni wọ́n ń dá sí i lára. Ìbéèrè kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í láéláé, bó ti wù kí ẹ súnmọ́ra tó: "Èèyàn mélòó lẹ pa?"

Ibi tí a ti ń jókòó ṣe pàtàkì. A kì í ṣe é nílé rẹ̀, torí ilé tí ìlẹ̀kùn yàrá kọjú síra ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ògiri létí. A kì í ṣe é ní ọ́fíìsì, torí tábìlì a máa rán an létí ìgbẹ́jọ́. Bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dára, kí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì rí gbogbo ẹni tó ń wọlé. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má kojú sí i. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ó ti jẹun, kò tíì mu paraga. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ bá ṣí ní ìrọ̀lẹ́, òun nìkan ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ lóru. Ẹ bi í bó ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Àwọn kan fẹ́ Bàbá, àwọn kan kò lè fara da Bàbá rárá, Sájẹ́ńtì ni wọ́n fẹ́. Ìjókòó méjì àkọ́kọ́, a kì í dárúkọ ogun: pẹ́ńṣàn, orúnkún tó ń dùn ún, iye owó mọ́tò láti Ìyànà-Ìpájà. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ ti jọ mú ẹnìkan tí yóò lọ bá lẹ́yìn ìjókòó. Kò di dandan kó jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Nígbà míràn ìyàwó gan-an ni kò fẹ́ kó mọ̀.

Ìyára ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Sójà tó ti pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ogún ọdún lè tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí inú ẹni tó ń gbọ́ sì máa dùn pé ó ti là á. Kò ní padà wá mọ́. Ìtìjú yóò gbá a mú lọ́nà ilé, ẹ óò máa pe fóònù, kò ní gbé e. Nítorí náà, bó bá ti tó ogójì ìṣẹ́jú, mo máa ń dá a dúró, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ wà láàárín ẹnu: "Ẹ jẹ́ ká fi àmì síbẹ̀." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn jẹ́ ti òní: ohun tó fẹ́ jẹ, danfó tó fẹ́ wọ̀, ẹni tó ń retí rẹ̀.

Láti ìjókòó kẹta tàbí ìkẹrin ni ìwé àti bírò ti ń wọlé. A ó fa ìlà méjì, ìwé á pín sí mẹ́ta: ohun tí ọwọ́ mi ṣe; ohun tí ojú mi rí tí ẹnu mi kò sọ; ohun tí àwọn tó rán mi ṣe. Bí ẹ bá ti orí ti àwọn tó rán an bẹ̀rẹ̀, yóò sá sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó sá sábẹ́ òrùlé, "àṣẹ láti òkè" ni yóò máa wí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ẹ bá sì yọ ọ́ kúrò pátápátá, ẹ ti di gbogbo ẹrù lé e lórí. Ọwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Lórí ti ọwọ́, ẹ bèèrè ohun tí adájọ́ ń bèèrè: aago mélòó ni, ìmọ́lẹ̀ wà àbí kò sí, báwo ni ẹni náà ṣe jìnnà tó, kí ni ó mú dání, ọjọ́ mélòó ni ẹ ò ti sùn, kí ni wọ́n sọ fún yín nípa abúlé náà kí ẹ tó wọ̀ ọ́? Kì í ṣe pé à ń wá àwáwí fún un. Ìrántí a máa sún nǹkan mọ́ra. Ẹni tó wà lókèèrè á di ẹni tó wà níwájú, ẹni tó mú ìbọn dání á di ọmọdé tó gbọ́wọ́ sókè. Nígbà míràn ẹ̀wẹ̀, ọmọdé tó gbọ́wọ́ sókè náà ni lóòótọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ẹ má bá a pa á rẹ́.

Apá àárín ìwé ló máa ń gba ojú ewé jù, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu títí ó fi di ohun tí mo ń retí. Yálà Liberia tí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ̀ ní oṣù Kẹjọ 1990 ni, tàbí Sierra Leone, tàbí Borno, ohun tí sójà rí tó sì gbójú kúrò níbẹ̀ a máa jẹ ẹ́ ju ohun tó ṣe lójú ìjà lọ. Lójú ìjà, ẹni kejì náà ń yìnbọn.

Ìpín kẹta ni òfin ti wọ̀ ọ́. Abala 32 nínú Criminal Code wa, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, sọ pé ẹni tó ṣe nǹkan nítorí àṣẹ aláṣẹ tí òfin ní kó gbọ́ràn sí lẹ́nu kò jẹ̀bi, àfi bí àṣẹ náà bá jẹ́ èyí tó hàn gbangba pé ó lòdì sófin. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ irú rẹ̀ ní 1972 nínú ẹjọ́ ológun ìhà Biafra kan tí ọ̀gá rẹ̀ rán pé kó lọ pa ènìyàn: àṣẹ ọ̀gá kò gbà á sílẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ní kúkúrú, pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo máa ń ka abala òfin yìí fún wọn, torí ó ń ya méjì tí ọkàn wọn ti dàpọ̀ sọ́tọ̀. Ilé tí wọ́n ní kó yìnbọn sí lóru nítorí pé ibẹ̀ ni ọta ti ń wá, kò hàn gbangba sí ẹni ogún ọdún tó dojú bolẹ̀ nínú kòtò pé ìdílé kan wà níbẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ti so lọ́wọ́ hàn gbangba.

Àmọ́ ìwé nìkan kì í dá ìbọn dúró. Ní oṣù Keje 1967, Gówọ̀n, olórí ìjọba ológun nígbà Ogun Biafra, fún àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní ìwé ìlànà: wọn kò gbọdọ̀ pa aboyún, wọn kò gbọdọ̀ pa ọmọdé, ẹni tó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú. Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni wọ́n kó àwọn ọkùnrin àti ọmọkùnrin Asaba jọ, tí wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Gówọ̀n lọ tọrọ àforíjì ní Asaba fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní kò wúlò mọ́. Mi ò gbà. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé onípín mẹ́ta yẹn bí ẹnìkan lókè bá fẹnu ara rẹ̀ gba ìpín tirẹ̀: ọwọ́ tó ń kọ̀wé a rọ̀, sójà a lè wá kọ tirẹ̀ láìfi kún un, láìsì yọ kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ kò ṣàì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wúwo. Ní Utah ní Amẹ́ríkà, àwọn márùn-ún ló ń yìnbọn fún ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún, ọta tí kò lè pani ni wọ́n sì ń ki sínú ìbọn kan, kí oníkálukú lè sùn pẹ̀lú èrò pé bóyá tòun ni. Àmọ́ ọta òfo lásán kì í ti èjìká bí ọta gidi, ẹni tó bá mọ ìbọn yóò mọ̀. Àwa níbí, gbangba la ti ṣe tiwa nígbà kan. Lẹ́yìn òfin ológun 1970 lórí ìdigunjalè, Bar Beach ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn adigunjalè mọ́ òpó ní 1971, àgbá tí yanrìn kún inú rẹ̀ wà lẹ́yìn wọn, èrò Èkó dúró bí ẹni wá wo bọ́ọ̀lù. Èrò lọ sílé, sójà padà sí báráàkì. Ta ló bi í pé báwo ni ó ṣe sùn?

Ẹni tó bá mọ Bíbélì á rántí Dáfídì àti Ùráyà. Ọba kọ lẹ́tà, ó sì fi rán ẹni tó fẹ́ pa gan-an sí Jóábù. Jóábù tò ó síbi tí ìjà ti le. Àwọn tafàtafà Ámónì ló ta á. Ọwọ́ mẹ́ta ló wà nínú ikú yẹn, àmọ́ nígbà tí Nátánì dìde, kò lọ sọ́dọ̀ tafàtafà, kò sì lọ sọ́dọ̀ Jóábù. Ààfin ló lọ. Ó sì ní lẹ́tà tí ó lè tọ́ka sí, ìyẹn ni mo máa ń rò lórí rẹ̀ jù. Lóde òní, àṣẹ tó burú kì í ní lẹ́tà. Láti ẹnu ló ti ń wá, lórí fóònù, "ẹ lọ tún ibẹ̀ ṣe," bó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀gá dé ọ̀gá ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ń parẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí Ìpínlẹ̀ Èkó jókòó lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní too-geeti Lẹ́kí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, ọ̀gá ológun kan jẹ́rìí níwájú wọn pé ọta gidi àti ọta òfo ni àwọn sójà náà kó dání. Ìgbìmọ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2021, ìwé funfun, ìyẹn èsì ìjọba, kò gba ohun tó sọ nípa àwọn tó kú níbẹ̀. Bí aláṣẹ bá ń bá aláṣẹ jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti mọ ohun tí wọ́n gbé lọ àti ohun tí wọ́n gbé bọ̀.

Yorùbá ní bí o láyà, o ṣèkà. Bí o bá rántí ikú Gáà, o ṣòótọ́. Ìyà ni òwe yẹn fi ń dẹ́rù ba aláṣẹ. Ohun tí èmi ń fẹ́ lọ́wọ́ olóṣèlú tó bá rán sójà sáàárín ìlú kéré sí ìyẹn. Òfin ìlú, abala 217, gbà kí Ààrẹ rán wọn jáde láti ran àwọn aláṣẹ ìlú lọ́wọ́. Ó dára: kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fi ọjọ́, aago àti ibi tí wọ́n ń lọ sí i, kó sọ irú ọta tí wọ́n máa kó, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n lórí bírò, kó má rán ọmọ ọlọ́mọ.

Lórí àtúnṣe, ẹ̀sìn mọ iṣẹ́ náà ju bí àwọn oníwàásù ti ń lò ó lọ. Sura Nisa'i, ẹsẹ 92, sọ pé ẹni tó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ yóò san owó ẹ̀mí fún ará ilé òkú, yóò sì bọ́ ẹrú kan sílẹ̀. Bí kò bá rí, yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì léra wọn. Nínú Númérì 31, ẹni tó bá ti ogun dé tó ti pànìyàn yóò wà lẹ́yìn ibùdó fún ọjọ́ méje, yóò wẹ ara rẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ keje. Sójà òde òní lè wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Maiduguri láàárọ̀, kó sì wà níbi òde aṣọ ẹbí ní Ṣómólú nírọ̀lẹ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ méje yẹn. Ẹ má ṣe àríyá, ẹ má kó àlejò jọ, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré sùn tì í, nítorí ó lè ta jí pẹ̀lú ọwọ́. Ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn tó ń fẹ̀yìn tì, tó wà ní Òṣòdì, ń kọ́ wọn ní ẹja sísìn, wẹ́dà, aṣọ rírán fún oṣù mẹ́fà. Ọwọ́ ni ìyẹn ń tọ́jú. Ì bá dùn mọ́ mi bí wọ́n bá fi ọjọ́ méje péré sílẹ̀ fún ọkàn nínú oṣù mẹ́fà náà.

Àtúnṣe tó ń dúró máa ń jọ ohun tó bàjẹ́, ó máa ń kéré, ó sì máa ń pẹ́. Ẹni tí ọmọ ilé-ìwé wà lọ́kàn rẹ̀ lè máa dúró láràárọ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń sọdá títì. Ẹlòmíràn ń sanwó WAEC fún ọmọ kan lọ́dún, láìjẹ́ kí ọmọ náà mọ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kó kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì lọ fi kọ́ ilé ìjọsìn láàárín oṣù kan: ebi á pa ilé, ìyàwó á bínú, ìkábàámọ̀ á sì padà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bó bá ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn, tó ń dágbére láìrìnrìn-àjò, tàbí tó ṣàdédé balẹ̀ lẹ́yìn ìdààmú tó pẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Iṣẹ́ sìkíọ́rítì ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, ẹ rí i pé ìbọn ọdẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a lọ sí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, tó ti wà láti 1907, tàbí ilé-ìwòsàn ológun 68 tó wà ní Yábà kan náà. Ẹ bá a lọ ni mo wí, kì í ṣe pé kí ẹ rán an lọ. Orúkọ "Yábà Lẹ́fútì" tí ará Èkó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ti pa ènìyàn, torí ó ń dá wọn padà lẹ́nu géètì. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, àti tramadol tó ń fi pamọ́, kí dókítà lè mọ ohun tó wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣì kù tí ará ilé gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún lọ́dọọdún: 15 oṣù Kìíní. Ọjọ́ yẹn ní 1970 ni Effiong, tó ń darí Biafra nígbà náà, mú ìwé ìjọ̀wọ́-ara-ẹni Biafra wá sí Dodan Barracks níbí l'Ékòó, òun ló sì di ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tó kú. Wọ́n á gbé òdòdó ẹ̀yẹ sílẹ̀ ní TBS (Tafawa Balewa Square), wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, wọ́n á yìnbọn ẹ̀yẹ. Àwọn tiwa ni wọ́n ń rántí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí sójà yìí ń rántí kò sí lára wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14, a máa ń ní kó kọ ìlà kan péré sórí ìwé: orúkọ, bó bá mọ̀ ọ́n. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àwọ̀ ẹ̀wù, orúkọ abúlé. Kò ní láti kà á sókè. Yóò ká a, yóò tì í sáàárín Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀. Nígbà tí ìbọn bá máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní TBS láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó ti jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan tó mọ ohun tó wà nínú ìwé náà, tí kò sì ní bi í léèrè.